Kábéèjì Àwọn Potogí: Irúgbìn Tí Kò Gba Ìwé Àṣẹ

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejìlá, bí ènìyàn bá wọ ọ̀pọ̀ ilé ní àríwá orílẹ̀-èdè Pọ́túgà, oúnjẹ kan náà ni yóò bá lórí tábìlì. Ẹja bakalau tí wọ́n fi iyọ̀ pa, tí wọ́n wá rẹ, tí wọ́n sì bọ̀. Ó jọ pánla wa, ṣùgbọ́n ẹran rẹ̀ nípọn jù ú lọ. Pọ̀tétò wà níbẹ̀, ẹyin wà níbẹ̀, òróró ólífì sì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni ewé kábéèjì ńláńlá tí eegun àárín rẹ̀ funfun, tí ó sì sanra bí ìka ọwọ́. Consoada ni wọ́n ń pe oúnjẹ alẹ́ yìí. Ẹja náà kì í ṣe ti òkun wọn, nítorí láti apá Norway àti Iceland ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Pọ̀tétò náà, Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Òróró ólífì àti kábéèjì yẹn ni a lè pè ní ọmọ onílẹ̀ nínú àwo náà, kábéèjì yẹn ni a sì fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ó mọ kábéèjì sí ohun rìbìtì tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé láti Jos wá sí ọjà Mile 12. Irú èyí wà ní Pọ́túgà pẹ̀lú, repolho ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Èyí tí à ń wí kì í ká ewé rẹ̀ jọ di líle bí bọ́ọ̀lù. Oríṣi ńlá méjì ni ó pín sí. Àkọ́kọ́ ni couve-galega, èyí tí ó lè ga tó ènìyàn, tí ó sì lè ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá àgbà á jáde sí ẹ̀yìnkùlé, á já ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti ìsàlẹ̀, á fi orí rẹ̀ sílẹ̀ kí ó máa dàgbà lọ. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, igi rẹ̀ á ṣófo láti ìdí lọ sókè, ewé á kù sí ṣóńṣó orí nìkan, débi pé ẹni tí ó bá rí i láti òkèèrè lè pè é ní ìbẹ́pẹ kékeré. Èkejì ni couve tronchuda, tí kì í ga, tí eegun ewé rẹ̀ sì tóbi. Nínú ìdílé yìí ni àwọn tí wọ́n ń pè ní penca wà: Penca ti Chaves, Penca ti Mirandela, Penca ti Póvoa. Murciana wà, Glória de Portugal wà, couve ti Valhascos wà, ti Algarve náà kò gbẹ́yìn. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìrẹsì Ọ̀fàdà, a mọ̀ pé orúkọ ìlú ni ó mọ́ ọn lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí pẹ̀lú ewé wọ̀nyí. Ilẹ̀ kan, afẹ́fẹ́ kan àti ọwọ́ àwọn ìdílé kan ni ó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ohun tí ó jẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà couve ti pẹ́ láyé. Láti inú caulis ti èdè Látìnì ni ó ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni igi tàbí pòròpórò ewéko. Ní nǹkan bí ọdún 160 kí a tó bí Kristi, Cato ará Róòmù kọ ìwé kan nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, ìyìn tí ó sì kó fún kábéèjì nínú ìwé náà pọ̀ débi pé ènìyàn lè rò pé oníṣègùn ni ó kọ ọ́: ó ní ó dára fún inú, ó dára fún egbò, ó sì dára fún ẹni tí ó bá fẹ́ mu ọtí púpọ̀ níbi àsè. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé ìbátan tí ó sún mọ́ kábéèjì inú oko jù lọ láàárín àwọn tí ń hù fúnra wọn ni èyí tí ó wà ní agbègbè òkun Aegean, lọ́dọ̀ àwọn ará Gíríìkì. A jẹ́ pé ó rìn jìnnà kí ó tó dé etíkun Àtìláńtíìkì. Ní ti galega, orúkọ yẹn tọ́ka sí Galicia, ilẹ̀ àwọn aládùúgbò tí ó wà ní òdìkejì odò Minho, tí èdè wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti Potogí.

Ọbẹ̀ tí ó sọ galega di olókìkí ni caldo verde, ìyẹn ọbẹ̀ aláwọ̀ ewé. Wọ́n á bọ pọ̀tétò, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kúnná sínú omi rẹ̀, wọ́n á rẹ́ ewé galega wẹ́wẹ́ bí irun, wọ́n á dà á sí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á ta òróró ólífì sí i, wọ́n á sì ju ègé sọ́sééjì chouriço kan sínú abọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Búrẹ́dì àgbàdo tí wọ́n ń pè ní broa ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́. Orin Uma Casa Portuguesa, tí Amália Rodrigues kọ tí ó fi di mímọ̀ káàkiri ayé, dárúkọ ọbẹ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí ọrọ̀ ilé tálákà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Orin náà dùn létí, ṣùgbọ́n kí a má jẹ́ kí adùn orin gbàgbé wa: lábẹ́ ìjọba Salazar, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń mu caldo verde nítorí pé kò sí ohun mìíràn. Ohun kejì tí ó yẹ kí a wí ni pé ọbẹ̀ ayébáyé yìí kò lọ́jọ́ lórí tó bí wọ́n ṣe ń wí. Ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni àgbàdo ti Amẹ́ríkà dé Pọ́túgà. Pọ̀tétò kò sì di oúnjẹ gbogbo ènìyàn níbẹ̀ títí di òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ọ̀rúndún tí ó tẹ̀lé e. Kí ó tó dé, èso igi chestnut ni ọ̀pọ̀ ará òkè ń fi mú ọbẹ̀ wọn ki. Ewé yẹn ni àgbà inú ìkòkò.

Ibì kan tí ó yẹ kí a dúró sí díẹ̀ ni etíkun Póvoa de Varzim, àti àwọn abúlé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí Aguçadoura, Estela àti Apúlia. Yanrìn gbẹrẹfu ni ilẹ̀ ibẹ̀. Àgbẹ̀ wo ni yóò gbin nǹkan sórí òkìtì yanrìn? Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n wa yanrìn náà lọ sísàlẹ̀ títí wọ́n fi sún mọ́ omi abẹ́ ilẹ̀, oko á wá rì sínú bí ọpọ́n, yanrìn tí wọ́n wà á sì di ògiri yí i ká. Masseira ni orúkọ rẹ̀, orúkọ yẹn gan-an ni wọ́n sì ń pe ọpọ́n tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Wọ́n gbin àjàrà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri náà kí gbòǹgbò rẹ̀ lè di yanrìn mú, afẹ́fẹ́ òkun kò sì rí ohun tí ó wà nínú ọpọ́n bà jẹ́. Ìtàn àdúgbò náà fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sọrí àwọn mọ́ńkì ti ọ̀rúndún kejìdínlógún. Àmọ́ yanrìn kò ní ọ̀rá, nítorí náà inú òkun ni wọ́n ti wá ajílẹ̀. Àwọn ọkùnrin Apúlia á wọ ẹ̀wù onírun àgùntàn funfun, wọ́n á wọ inú ìgbì lọ pẹ̀lú àwọ̀n ọlọ́wọ́ gígùn láti kó ewéko òkun tí wọ́n ń pè ní sargaço. Àwọn obìnrin á sì sá a sí etíkun. Wọ́n tún ń kó akàn wẹ́wẹ́ láti inú òkun dà sí oko. Nínú ilẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ dá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń gbin Penca ti Póvoa tí ó ń lọ sórí tábìlì ọdún Kérésìmesì. Nígbà tí ó yá, ní ọ̀rúndún ogún, àwọn akọ́lé bẹ̀rẹ̀ sí í ra yanrìn. Ọ̀pọ̀ ìdílé ta ògiri ọpọ́n wọn, wọ́n sì fi ilé oníláìlọ́ọ̀nù bo ilẹ̀ tí ó kù. Masseira tí ó ṣẹ́kù lónìí kò pọ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ irúgbìn, nítorí òun ni ìdí tí a fi mú kálámù. Ẹni tí ó ń pa irúgbìn tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ mọ́ ní ilẹ̀ wa kò ní wàhálà púpọ̀: ewé náà á gbó, á so, a ó gbọn èso rẹ̀ sínú igbá, ó parí. Kábéèjì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì ni ó ń lò. Ní ọdún àkọ́kọ́, ewé nìkan ni ó máa ń yọ. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dàgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà kí òtútù mú un fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí ó tó gbà láti yọ òdòdó. Òtútù yìí kan náà ni ó ń mú kí ṣúgà pọ̀ nínú ewé rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ará àríwá fi ń sọ pé penca tí yìnyín kò tíì bọ́ lé lórí kò tíì tó jẹ. Bí ìgbà òtútù bá kọjá, àárín rẹ̀ á ta sókè, á gbé òdòdó aláwọ̀ ìyeyè jáde, olóju mẹ́rin, àwọn oyin á sì rọ́ dé. Ní nǹkan bí oṣù Keje, apó irúgbìn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ á gbẹ. Ẹni tí ó bá jáfara, apó náà á là, ẹyẹ á sì bá a jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá gbọ́n á ti gé e kí ó tó là, á so ó kọ́ sórí aṣọ títẹ́, á lù ú, á fẹ́ ẹ. Nínú gíráàmù kan ṣoṣo, hóró bí 250 sí 300 ni ènìyàn lè rí, bí wọ́n bá sì gbẹ dáadáa, wọ́n lè lo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún láìkú.

Ṣùgbọ́n ibi tí iṣẹ́ ti le ni èyí. Igi kábéèjì kan kì í sábà gba lẹ́búlẹ́bú òdòdó ara rẹ̀. Ti ẹlòmíràn ni ó ń wá. Òótọ́ ni òwe wa tí ó ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Ẹni tí ó bá fi igi méjì tàbí mẹ́ta péré sílẹ̀ fún irúgbìn, lẹ́yìn ìran mélòó kan, ọmọ wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í rù, bí ìgbà tí ìbátan bá ń fẹ́ ìbátan. Ọ̀pọ̀ igi ni ó yẹ kí ó tanná pọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, oyin kò mọ ààlà oko: galega, tronchuda, repolho, bùrókólì àti kọliflawa, ẹ̀yà kan náà ni gbogbo wọn, wọ́n sì lè bá ara wọn dàpọ̀. Bí aládùúgbò bá jẹ́ kí bùrókólì rẹ̀ tanná nígbà tí penca rẹ ń tanná, ohun tí ìwọ yóò gbìn lọ́dún tí ń bọ̀ kò ní jẹ́ penca mọ́. Nítorí náà, ẹnì kan kò lè dá irúgbìn yìí pa mọ́ bí ẹni ń fi owó pa mọ́ sábẹ́ ẹní. Abúlé ni ó ń pa á mọ́. Ẹni tí irúgbìn rẹ̀ dára á gbin ọmọ ewé rẹ̀ pọ̀, á fa á tu, á dì í ní ìdì-ìdì, á sì gbé e lọ sí ọjà ọlọ́jọ́; àwọn tí kò ní á rà á lọ gbìn. Ọwọ́ àwọn obìnrin ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí wà, orúkọ wọn kò sì sí nínú ìwé kankan.

Ìlà-Oòrùn ni ìyípadà ti wá. Àwọn ará Japan ni wọ́n kọ́kọ́ rí i pé ìwà kábéèjì láti má gba lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀ lè di ọ̀nà òwò. Bí a bá gbin ìlà méjì tí ó yàtọ̀ sí ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gbogbo irúgbìn tí wọ́n bá so á jẹ́ àdàlù àwọn méjèèjì, èyí tí ayé ń pè ní haíbíríìdì. Ilé-iṣẹ́ Takii gbé irú kábéèjì bẹ́ẹ̀ jáde, O-S Cross, ó sì gba ẹ̀bùn ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1951. Haíbíríìdì dára: gbogbo rẹ̀ a máa dọ́gba, a máa yára, a sì máa tóbi. Ọmọ tí ó bá bí ni kì í jọ ọ́. Àgbẹ̀ tí ó bá gbin irúgbìn inú rẹ̀ á rí gíga, á rí kúkúrú, á rí oníwọ́rọ́kọ. Lẹ́yìn èyí, ní ọdún 1968, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Ogura ròyìn irú radish kan ní Japan tí òdòdó rẹ̀ kò ní lẹ́búlẹ́bú. Àwọn ará Faransé mú ìwà yìí wọ inú ẹbí kábéèjì, a sì ń lò ó fún ṣíṣe haíbíríìdì títí di òní. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa irúgbìn irú èyí mọ́, akọ kò sí nínú oko rẹ̀ rárá.

Kì í ṣe haíbíríìdì nìkan ni ó ṣe iṣẹ́ náà o. Láàárín ọdún 1960 sí 1974, àwọn ọmọ Pọ́túgà tí ó lé ní mílíọ̀nù kan ni ó fi ilé sílẹ̀. Ìṣẹ́ lé wọn, ogun tí ìjọba wọn ń jà ní Angola, Mozambique àti Guinea-Bissau láti 1961 sì lé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò fẹ́ kú sí ilẹ̀ onílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni ó gba orí òkè Pyrenees sá wọ Faransé láìní ìwé. Àwọn arúgbó ni ó kù sí ilé, irúgbìn sì kù sí ọwọ́ arúgbó. Ṣùgbọ́n irúgbìn náà rìnrìn àjò pẹ̀lú. Títí di òní, bí ẹ bá rí couve-galega tí ó dúró gàǹgà nínú ọgbà kékeré kan lẹ́bàá Paris, tàbí ní Newark ní Amẹ́ríkà, kò dìgbà tí ẹ bá béèrè ẹni tí ó ni ilé.

Ìrìn-àjò kan ti wà ṣáájú èyí, ó sì kàn wá díẹ̀. Àwọn Potogí kan náà tí ó fún Èkó ní orúkọ Lagos ni ó gbé couve lọ sí Brazil, níbi tí a ti ń pè é ní couve-manteiga, tí wọ́n sì ń rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ feijoada. Ní ilẹ̀ gbígbóná bẹ́ẹ̀, òtútù tí yóò mú un tanná kò tó. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń ṣe ni pé wọ́n ń gé ọmọ tí ó bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, wọ́n á tì í bọ ilẹ̀, á sì ta gbòǹgbò, gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń ṣe igi ẹ̀gẹ́ àti igi ewúro. Àwọn Àgùdà tí ó padà láti Brazil wá sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún mú frejon wá, èyí tí wọ́n ṣì ń sè ní ọjọ́ Jímọ̀ Rere. Ní ti kábéèjì, ooru Èkó kò jẹ́ kí a rí irúgbìn rẹ̀ mú nínú oko. Inú agolo láti ilẹ̀ òkèèrè ni ó ń bá wá. Àwọn àgbẹ̀ Gánà mọ KK Cross dáadáa, Takii kan náà ni ó sì ṣe é.

Òfin wá dé. Ní ọdún 1970, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi àṣẹ lélẹ̀ pé irúgbìn ẹ̀fọ́ tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú àkọsílẹ̀ nìkan ni ènìyàn lè tà. Pọ́túgà wọ inú ẹgbẹ́ náà ní ọdún 1986, ó sì gba àṣẹ yẹn mọ́ra. Kí irúgbìn tó wọ inú àkọsílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí gbogbo èyí tí a ti mọ̀, gbogbo igi rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu, kò sì gbọdọ̀ yí padà láti ìran dé ìran. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Galega abúlé kan kì í bá ara rẹ̀ mu, nítorí pé àìbáramu yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ó rù. Bí a bá fún un pọ̀ títí gbogbo rẹ̀ fi dọ́gba, a ti sọ ọ́ di aláìlera. Bí a bá sì fi í sílẹ̀ bí ó ti wà, kò ní ìwé. Lójú tèmi, òfin yẹn kò bínú sí àgbẹ̀ kankan, ó kàn jẹ́ pé oníṣòwò irúgbìn ni ó ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Ní ọdún 2009 wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan fún àwọn irúgbìn ìbílẹ̀, pẹ̀lú òdiwọ̀n lórí iye tí a lè tà. Wọ́n gbé àbá òfin tuntun wá ní 2013. Àwọn aṣòfin Yúróòpù kọ̀ ọ́ ní 2014. Wọ́n tún gbé òmíràn wá ní oṣù Keje ọdún 2023. Lọ́dọ̀ wa, òfin ìdáàbòbò oríṣi irúgbìn ti Nàìjíríà wáyé ní 2021, àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn, ìyàtọ̀, ìbáramu àti àìyípadà, sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Tiwa yàtọ̀ díẹ̀, nítorí ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀dá irúgbìn ni ó ń sọ, kì í ṣe ẹni tí ó lè tà á lọ́jà. Síbẹ̀ ó yẹ kí ẹni tí ó ń gbin ẹ̀fọ́ mọ̀ pé ó wà.

Ní ìlú Braga, láti 1977, ilé kan wà tí wọ́n ń tọ́jú irúgbìn ilẹ̀ Pọ́túgà sí, tí ó ti orí àgbàdo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àjọ FAO. Kábéèjì àwọn abúlé wà nínú yàrá òtútù rẹ̀. Iṣẹ́ tí irú ìpamọ́ bẹ́ẹ̀ lè ṣe hàn ní ọdún 1993, nígbà tí àwọn onímọ̀ kan tẹ àyẹ̀wò wọn lórí couve ìbílẹ̀ Pọ́túgà jáde: wọ́n dojú wọn kọ àrùn méjì tí àwọn àgbẹ̀ kábéèjì ń bẹ̀rù, èyí tí ń fi ohun funfun bí ẹ̀bu bo abẹ́ ewé, àti èyí tí ń mú gbòǹgbò wú bí kókó. Wọ́n rí nínú àwọn couve náà àwọn tí àrùn abẹ́ ewé kò rí gbé ṣe. Kò sí ẹni tí ó ṣẹ̀dá agbára yẹn nínú ilé ìwádìí. Àwọn ìyá tí ń fi èyí tí kò ṣàìsàn sílẹ̀ fún irúgbìn, tí wọ́n sì ń fi èyí tí ó ṣàìsàn bọ́ ẹlẹ́dẹ̀, ni ó ṣe é.

Àwọn kan wà tí kò gbà pé yàrá òtútù tó. Ẹgbẹ́ Colher para Semear, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí kí a kórè láti gbìn, ń wá irúgbìn ìbílẹ̀ kiri lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ àgbà, wọ́n ń gbìn ín, wọ́n sì ń pín in fún àwọn tí yóò tún gbìn ín. Mo rò pé òótọ́ wà lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ti àwọn èyí wúwo jù. Irúgbìn inú òtútù náà ń darúgbó. Bí hóró rẹ̀ tí ń hù bá ti ń dín kù, ẹnì kan gbọ́dọ̀ mú un jáde, kí ó gbìn ín, kí ó jẹ́ kí ìgbà òtútù kan kọjá lórí rẹ̀, kí ó fi àwọ̀n ká a mọ́ kí kábéèjì mìíràn má bàa dà á pọ̀, kí ó sì kó oyin tàbí eṣinṣin sínú àwọ̀n náà láti ṣe iṣẹ́ tí kòkòrò abúlé máa ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún méjì gbáko, fún irú couve kan ṣoṣo láti abúlé kan ṣoṣo.